Òkété Ta Oríkì Ará Igbó

Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀!

Àlọ́ mi yí gbirigbiri, kò lu àgbà, kò lu ọmọdé, orí Òkété ló yí lù.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí irin ń ronú bí ènìyàn, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Dókítà Ṣówándé kọ́ ilé sí etí igbó. Bó bá mú ẹranko, á ki irin tíńtín bọ̀ ọ́ lọ́fun, ẹranko náà á sì máa fọ èdè ènìyàn. Èyí tó bá mọ̀ ọ́n sọ dáadáa, á rán an lọ ṣe amí nílé onílé. Èyí tí kò bá mọ̀ ọ́n sọ, ìyá rẹ̀ ò ní fojú kàn án mọ́.

Òkété mọ̀ ọ́n sọ ju gbogbo wọn lọ. Ọ̀fun tó fi ń sọ̀rọ̀ náà ló fi ń ṣọ̀kánjúwà.

Lọ́jọ́ kan, Ṣówándé ní, "Òkété, àwọn ẹran ò sún mọ́ ọgbà mi mọ́."

Òkété bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ẹ ò mọ bí a ti ń pè wọ́n ni. Ẹranko kì í dá àjèjì lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹ fi oríkì ilé bàbá rẹ̀ pè é, orí ẹ̀ á wú, kò ní bèèrè ẹni tó ń pè é."

"Ta ló mọ oríkì wọn?"

"Èmi ni. Ẹ ṣáà máa fún mi lẹ́kùrọ́, kí ẹ sì fi àwọn ọmọ mi sílẹ̀."

"Mo gbọ́," ni Ṣówándé wí. Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ, kò ní òun gbà.

Etu ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Òkété lọ kí i kú ewu ọmọ. Ó jókòó, ó jẹun, ó tẹ́tí sí bí Etu ṣe ń ki ọmọ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó dúró lẹ́nu ọgbà, ó ń ké:

"Etu o! Ọmọ afínjú, ọmọ a-rìn-má-fọ́-ewé!"

Orí Etu wú. Ó gbé ọmọ, ó sáré wọnú ọgbà. Ilẹ̀kùn irin tì gbàgà.

"Òkété, ṣé ìwọ kọ́ lo jẹun nílé mi lánàá?"

Òkété gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ojú tì í, ká má parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀kùrọ́ dùn.

Bó ṣe kó Ìgalà nìyẹn, bó ṣe kó Ọ̀yà, títí igbó fi dákẹ́ rọ́rọ́.

Ṣówándé wá pè é. "Òkété, ọmọ mélòó lo ní?"

Òkété figbe ta. "Ọ̀gá! Àdéhùn wa ńkọ́?"

Ṣówándé tẹ nǹkan kan lára ògiri, ohùn Òkété sì kú sí i lọ́fun. Ló bá gbọ́ ohùn ara rẹ̀ láti orí òrùlé:

"Àwẹ̀ró o! Ẹ̀yin ọmọ abìrù-gbọọrọ, ọmọ a-gbẹ́lẹ̀-má-lọ́kọ́!"

Gbogbo bó ṣe ń ki ọmọ rẹ̀ nínú ihò ni irin ọ̀fun rẹ̀ ti ń gbọ́, tó ń ròyìn rẹ̀ fún ọ̀gá.

Òkété sá eré àsápajúdé. Ó pàdé àwọn ọmọ lọ́nà, wọ́n ń sáré bọ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó na apá, ó dínà mọ́ wọn.

"Bàbá?" Àwẹ̀ró, àkọ́bí rẹ̀, dúró. "Ẹ sọ̀rọ̀!"

Òkété la ẹnu. Afẹ́fẹ́ lásán ló jáde.

Ohùn orí òrùlé tún ké. Àwẹ̀ró wo ojú rẹ̀, ẹ̀rù bà á. Ó fa àwọn àbúrò rẹ̀ mọ́ra. "Ẹ jẹ́ ká lọ. Èyí kọ́. Bàbá wa ló ń pè wá lọ́hùn-ún yẹn."

Wọ́n fò ó kọjá. Òkété di àbíkẹ́yìn mú nírù. Ọmọ náà gé e jẹ, ó bọ́, ó tẹ̀lé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Ilẹ̀kùn irin tì gbàgà.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó bá kọ́ ìkà bí a ti ń pe ọmọ ọlọ́mọ, ó ti kọ́ ọ bí a ti ń pe ọmọ tirẹ̀ náà. Ó tán lẹ́nu mi. Kí kálukú di ọmọ rẹ̀ mú, ká wọlé.