Ẹrẹ̀ Ọwọ́ Ọdẹ́níyì

Òtítọ́ ni ìtàn yìí. Mo lè fi ahọ́n kan irin búra. Àmọ́ kí ẹ tó lọ gbé irin wá, ẹ jẹ́ kí n yára sọ pé ẹni tó sọ ọ́ fún mi náà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn ni.

Ọdẹ́níyì àti Ṣógbàmú ti ń ṣọ̀rẹ́ láti kékeré. Nígbà ayé wọn, àáró ni àwọn ọkùnrin abúlé fi ń kọ́lé: bí mo bá bá ọ mọ ògiri tìrẹ, ìwọ náà yóò wá bá mi mọ tèmi. Ọdẹ́níyì bá Ṣógbàmú po ẹrẹ̀, ó bá a mọ ògiri láti ìpìlẹ̀ dókè, ó sì bá a fi koóko bo ilé náà. Kò sọ lọ́jọ́ kan pé ó rẹ òun.

Nígbà tó kan tirẹ̀, yàrá kan ṣoṣo ló fẹ́ kọ́. Ìyá rẹ̀ ti darúgbó, abẹ́ àtíbàbà ìbátan wọn ló ń sùn, òtútù sì ń bá a jà. Ọdẹ́níyì ti ṣèlérí fún un pé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, yóò ti máa sùn nínú yàrá tirẹ̀. Ó bá lọ pe ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yìn ló ń dùn mí, ọ̀rẹ́ mi," ni Ṣógbàmú wí. "Àbí yàrá ọ̀hún fẹ́ sá lọ ni? Ó di ọ̀la."

Ọ̀la di ọ̀tunla, ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, ojú ọ̀run sì ti ń ṣú. Ọdẹ́níyì kò lè pe ẹlòmíràn, nítorí ilé Ṣógbàmú ló fi gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn kọ́. Kò ráyè bá ẹnikẹ́ni mìíràn ṣe àáró. Ni ó bá ń dá ògiri mọ. Níbi tó ti ń gbé ẹrẹ̀ gun òkè, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó ṣubú, ọwọ́ òsì rẹ̀ sì kán. Wọ́n fi igi dì í, wọ́n gbé e kọ́ ọ lọ́rùn. Lọ́jọ́ kejì, ó tún dìde, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún nìkan mọ ọ́n lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Ṣógbàmú yọjú, bí ìyá ti ń gbé ọkà àti ọbẹ̀ ìṣápá kalẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o! Ìyá, ọbẹ̀ yín ló pè mí láti ìsàlẹ̀ odò."

"Ẹ̀yìn rẹ ńkọ́?" ni Ọdẹ́níyì bi í.

"Ẹ̀yìn ló ń dùn mí, kì í ṣe ẹnu."

Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó sì bu òkèlè. Ọdẹ́níyì náà ki ọwọ́ ọ̀tún bọ omi. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó fi ha etí igbá. Ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn, kò ṣí. Ṣógbàmú ń wò ó, ó ń jẹ.

"Ṣe kíá o, ọbẹ̀ ń tán lọ!"

Ìyá arúgbó náà ló rọra kúnlẹ̀. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó ń fi àtàńpàkò fọ ẹrẹ̀ kúrò ní ìka kọ̀ọ̀kan. Omijé lé ròrò sójú Ọdẹ́níyì.

"Ṣógbàmú," ó ní, "jẹun tán, kí o sì máa lọ. N kò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, má pè mí lọ́rẹ̀ẹ́ mọ́."

"Nítorí omi ìfọwọ́ lásán?"

"Ìyá mi ló kúnlẹ̀. Ìwọ ń jẹun."

Òjò kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó wó ògiri náà kí Ọdẹ́níyì tó rí i bò, ìyá sì kú sábẹ́ àtíbàbà kí ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn tó dé. Nígbà tó yá, òrùlé Ṣógbàmú bẹ̀rẹ̀ sí í jò, ó sì wá dọ̀bálẹ̀ fún Ọdẹ́níyì pé kó gba òun. Ọdẹ́níyì kí i dáadáa, ó bu omi fún un mu, ṣùgbọ́n kò bá a lọ.

Ibi ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ni irọ́ mi wà. Èmi ni mo fi kún un, torí ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ṣógbàmú kò padà wá rí, Ọdẹ́níyì náà kò sì retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbọ́ ti ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ yẹn náà ni mo ṣe sọ ọ́. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọ́wọ́ fi ń mọ́.