Ẹ̀rọ Olóhùn Iyọ̀ Inú Pálọ̀ Bàbá

Ọkùnrin kan wà tí ojú rẹ̀ ti fọ́, tó jẹ́ pé rédíò ló fi ń rí ayé. Rédíò náà ti gbó. Téèpù ni wọ́n fi so ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀, bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló sì kù lára rẹ̀ tó ṣì ń yí dáadáa. Ṣùgbọ́n ìka bàbá náà mọ bọ́tìnnì yìí bí ó ṣe mọ ọ̀nà ẹnu ara rẹ̀. Tó bá yí i díẹ̀ sọ́tùn-ún, ìròyìn ló máa gbọ́. Tó bá tún yí i díẹ̀ sí i, ìwàásù. Tó bá dá a padà síbi tó ti fi ọ̀bẹ fá àmì sí lára ike rẹ̀, ó dé ilé iṣẹ́ rédíò tó ń kéde òkú láràárọ̀.

Ìkéde yìí ni kì í fi ṣeré. Ní ọjọ́ orí tirẹ̀, ibẹ̀ ni èèyàn ti ń gbúròó àwọn ọ̀rẹ́. Ọ̀kan ló sì kù nínú wọn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ ẹ́ lógún jù, aránṣọ bíi tirẹ̀, tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà, tó ń gbé ní Ìrèé. Àwọn méjèèjì ti bá ara wọn ṣàdéhùn láti ìgbà èwe pé ẹni tó bá ṣẹ́kù ni yóò bu erùpẹ̀ àkọ́kọ́ sí ibojì ẹnìkejì, kí ọmọ kankan tó bu tirẹ̀. Tí wọ́n bá ti ríra, wọn a máa fi ṣẹ̀fẹ̀.

"Ìwọ lo máa bu tèmi," ọ̀rẹ́ rẹ̀ á wí. "O ò sì ríran, o ò ní mọ̀ bóyá mo ti wọlẹ̀ tán."

"Màá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn ọ́ kí n tó bù ú," lòun náà á dáhùn.

Bàbá yìí bí ọmọ méjì. Obìnrin ni àkọ́bí. Òun ló ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, tó ń se oúnjẹ fún un, tó ń fà á lọ́wọ́ lọ sí balùwẹ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́ olùkọ́ rẹ̀. Ọkùnrin ni èkejì. Èkó lòun ń gbé, nǹkan sì ń ṣẹnuure fún un níbẹ̀. Ọmọkùnrin yìí fẹ́ràn ohùn orin tó mọ́. Tó bá gbọ́ bí rédíò bàbá rẹ̀ ṣe ń họ yàà, ojú a máa tì í. Lọ́jọ́ kan ó kéde pé òun fẹ́ ra ẹ̀rọ orin gidi fún bàbá òun. Gbogbo àdúgbò súre fún un. Bàbá náà súre fún un.

Kò bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní nǹkan kan.

Ó mú oníṣòwò kan tó ń ta irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wá láti Ìbàdàn. Ọkùnrin náà to sípíkà méjì sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó sì kó ampilifáyà mẹ́ta sílẹ̀ nínú pálọ̀, pé kí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò kí wọ́n tó mú. Ampilifáyà ni yóò máa fún sípíkà lágbára. Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ mìíràn wà tí yóò máa fa orin wọlé láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ampilifáyà àkọ́kọ́ ní àwọn gílóòbù tó ń pọ́n bí ẹyin iná, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. Èkejì wúwo, bọ́tìnnì ńlá kan sì wà níwájú rẹ̀ tó fẹ̀ tó ọmọrí ìgò. Ẹ̀kẹta tẹ́ pẹrẹsẹ, ara rẹ̀ ń dán, kò sí ohun kan lára rẹ̀ tó yọ síta.

Orin kan náà ni wọ́n fi ń dán wọn wò. Ọmọkùnrin náà di ojú, ó ń mi orí, ó ní òun ń gbọ́ ibi tí olórin ti ń mí. Bàbá náà dìde ní tirẹ̀, ó na ọwọ́, ó ń fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dé orí bọ́tìnnì ńlá, ó dúró. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó rẹ́rìn-ín.

"Èyí dára," ó wí.

"Bàbá, a ò tíì tan ìyẹn o!" Ọmọ rẹ̀ àti oníṣòwò bú sẹ́rìn-ín.

"Alàgbà, ti àwọn ará àtijọ́ nìyẹn," oníṣòwò fi kún un. "Ìdí ẹ̀kẹta yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ ò yí nǹkan kan mọ́, orí fóònù ni gbogbo ẹ̀ wà. Ẹ̀rọ tó ń fa orin yẹn tún ní ojú gíláàsì, ó ń gbé àwòrán olórin jáde."

"Ta ló máa wò ó?" ọmọbìnrin náà béèrè láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbọ́ràn," àbúrò rẹ̀ wí.

Wọ́n mú ẹ̀kẹta. Ká sọ òtítọ́, ohùn rẹ̀ dára ju ti àwọn yòókù lọ. Bàbá náà fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ, omi sì lé sí i lójú. Ìgbà tí orin parí ló wá béèrè ibi tí òun yóò ti máa tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, Bàbá. Èmi á máa tàn án fún yín láti Èkó."

Bàbá béèrè bóyá ó lè mú ilé iṣẹ́ rédíò tòun. Ọmọ náà ní ó lè mú rédíò gbogbo àgbáyé, òun yóò bá a wá tirẹ̀ tí òun bá ráàyè. Kò ráàyè. Nígbà tó ń lọ, ó ju rédíò àtijọ́ sínú bùtù ọkọ̀, ó sì sọ ọ́ sórí àkìtàn kó tó jáde nílùú.

Láti ìgbà náà, tí ọmọ bá jí ní Èkó, tó bá fọwọ́ kan fóònù, orin a bú jáde nínú pálọ̀ bàbá rẹ̀. Tó bá gbàgbé, pálọ̀ a dákẹ́ rọ́rọ́ di ọjọ́ kejì. Kò fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní páswọ́ọ̀dù, ó ní kí ọwọ́ má pọ̀ jù nídìí ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ọmọbìnrin náà fa wáyà rẹ̀ yọ kí bàbá lè gbọ́ rédíò ẹnì kan tó ń kọjá lóde, fóònù rẹ̀ dún kó tó dé ẹnu ọ̀nà.

"Ta ló yọ ọ́? Ẹ má yọ ọ́ mọ́ o, Àǹtí mi. Kì í ṣe ẹ̀rọ ìlọta nìyẹn."

"Bàbá fẹ́ gbọ́ ìkéde."

"Ìkéde òkú, láàárọ̀ kùtùkùtù? Ohun tó ń bà wọ́n nínú jẹ́ nìyẹn. Orin ló dáa fún wọn."

Ọmọbìnrin náà fẹ́ lọ ra rédíò kékeré mìíràn. Bàbá rẹ̀ ló ní kó má rà á. Ó ní ọmọ náà ti ṣe wàhálà púpọ̀, tó bá dé tó bá rédíò nílẹ̀, yóò rò pé òun kò mọ oore. Ó ní yóò mọ́ òun lára. Ó ń jókòó síwájú sípíkà méjèèjì láràárọ̀, ìka rẹ̀ ń rìn lórí apá àga, sọ́tùn-ún díẹ̀, sósì díẹ̀, bí ẹni tó ń wá nǹkan.

Ọjọ́ kan ni obìnrin kan wọlé, ó kí i. Bàbá náà mọ ohùn rẹ̀: ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti Ìrèé ni. Ṣùgbọ́n òkè ni ohùn náà ti wá. Ó yé e pé kò kúnlẹ̀.

"A ti sin wọ́n, Bàbá."

Bàbá náà yíjú sí i. "N ò gbọ́," ó wí.

"A gbé e sórí rédíò láràárọ̀ títí di ọjọ́ ìsìnkú. Orúkọ yín la kọ́kọ́ pè. Bàbá wa fúnra wọn ló sọ fún wa kí wọ́n tó dákẹ́ pé ká má wulẹ̀ ránṣẹ́, pé ẹ kì í pa rédíò yín." Ohùn rẹ̀ wá le. "A dúró dè yín létí ibojì. Àwọn èèyàn gbé ṣọ́bìrì dání, a ní kí wọ́n ṣe sùúrù, ẹ ń bọ̀. Oòrùn ká wa mọ́bẹ̀. Nígbà tó yá, ọkùnrin tó gbẹ́lẹ̀ ló bu ti àkọ́kọ́."

Bàbá náà gbọ́ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń rìn káàkiri pálọ̀.

"Irú ẹ̀rọ báyìí wà nílé yín, ẹ ní ẹ ò gbọ́?"

Kí bàbá náà tó lanu, ọmọ rẹ̀ fọwọ́ kan fóònù ní Èkó. Orin bú jáde. Ó dùn, ó mọ́ gaara, èèyàn lè gbọ́ ibi tí olórin ti ń mí. Bàbá náà sáré dìde láti pa á. Ọwọ́ rẹ̀ rìn lára ẹ̀rọ náà láti òpin kan dé ìkejì, kò rí nǹkan kan dì mú. Obìnrin náà wò ó, ó jáde. Ijó ló rò pé bàbá fẹ́ jó.

Ọmọkùnrin náà wálé nígbà tó gbọ́. Ó káàánú tọkàntọkàn.

"Ṣé ohùn rẹ̀ ni kò ròkè tó ni, Bàbá? A lè pààrọ̀ ampilifáyà náà."

"Ohùn rẹ̀ dára," bàbá náà wí. Ìka rẹ̀ ń rìn lórí apá àga.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ yìí, ẹ ó ní ọmọ náà fẹ́ràn bàbá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ó fẹ́ràn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò fi ẹ̀sùn àìnífẹ̀ẹ́ kàn án. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé ó gba bọ́tìnnì lọ́wọ́ ẹni tó ni etí, ó sì ń retí ọpẹ́. Ẹ wo inú ilé yín, ẹ wo ibi iṣẹ́ yín. Ta lẹ ń yan ayé fún láìbi í? Ta lẹ ní kó dákẹ́ láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, nígbà tó jẹ́ òun nìkan ló mọ ohun tí wọ́n nílò? Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, ó dájú. Bàbá yẹn náà dúpẹ́. Ẹ má fi ọpẹ́ wọn ṣe ẹ̀rí pé ẹ ṣe dáadáa. Kí ẹ tó rà, kí ẹ tó yàn, kí ẹ tó pè é ní oore, ẹ jẹ́ kí ẹni tó máa lò ó kọ́kọ́ na ọwọ́ sí i. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá dúró sí, kí ẹ̀yin náà dúró síbẹ̀.