Wáyà Kan Tó Wọnú Ògiri

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ sún mọ́ mi, inú ti ń bí mi kí n tó bẹ̀rẹ̀. Àlọ́ mi rìn, ó rìn, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà Adìẹ opó àti Òkété aládùúgbò rẹ̀, olè!

Alángbá orí ògiri ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún Adìẹ. Ó ní, "Ìyá Òròmọ, kò síná nílùú láti ìjẹta. Fìríìjì Òkété sì ń kùn hùùùn! Níbo ló ti ń ríná?"

Adìẹ ní, "Bóyá ó ra jẹnẹrétọ̀."

"Òkété wo? Òkété tó ń tọrọ abẹ́rẹ́ rán ṣòkòtò?" Alángbá mi orí gbọ̀n-ìn gbọ̀n-ìn, ó bá tiẹ̀ lọ.

Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́. Àkùkọ ló kú, tó fi ìsọ̀ oníkọ̀ǹpútà mẹ́ta sílẹ̀ fún ìyàwó ẹ̀. Ibẹ̀ ni Adìẹ ti ń tẹ ìwé fún àwọn ẹranko, ibẹ̀ náà lowó ilé-ìwé àwọn òròmọ ti ń jáde. Òkété ń ta omi tútù nínú ìsọ̀ tiẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ògiri kan ló là wọ́n. Ó wá ń ṣojú àánú. "Màmá, mo mọṣẹ́ iná. Ẹ jẹ́ kí n bá yín to àwọn wáyà yìí."

Ó wọ abẹ́ tábìlì. Ó lọ́ ọ, ó dì í, ó ta á ní kókó, gbogbo ẹ̀ rí wúruwùru bí ìfun ẹran. "Màmá, ẹ má fọwọ́ kàn án o! Iná á gbé yín fìì! Èmi nìkan ni mo mọ ìdí ẹ̀."

Ojú ń ti Adìẹ láti béèrè. Epo ọjọ́ mẹ́ta nínú jẹnẹrétọ̀ Adìẹ wá ń gbẹ lọ́jọ́ kan. Ó pe Òkété, Òkété gba owó iṣẹ́, ó tún ta kókó mìíràn sí i. Ó tún pè é, ó tún gba owó, ó tún ta kókó. Wọ́n lé àwọn òròmọ kúrò nílé-ìwé.

Lọ́jọ́ tí Alángbá sọ̀rọ̀ yìí, Adìẹ dìde fùú, ó pa jẹnẹrétọ̀. Ó ya àkísà oríṣiríṣi. Ó ní, "Bí a bá gbé ata lọ síbi ẹ̀rọ ìlọta, ṣebí àkísà la fi ń mọ abọ́ oníkálukú?" Ó so àkísà mọ́ wáyà lẹ́yìn ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ó ń fà á tọ̀ ọ́ lọ. Ẹ gbè é!

Ta ló ni wáyà yìí o?
*Fà á, ká mọ̀!*
Ó gba abẹ́ àga kọjá o.
*Fà á, ká mọ̀!*
Ó gba inú kókó lọ o.
*Fà á, ká mọ̀!*
Ẹni tó ni ín á jáde o.
*Fà á, ká mọ̀!*

Gbogbo wáyà ló ní àkísà, àfi ẹyọ kan. Kò ti ẹ̀rọ kankan wá. Inú ihò ògiri ló wọ̀. Adìẹ fà á gbọ̀ọ̀rọ̀! Lódìkejì ògiri, nǹkan ṣubú gbìì!

Òkété sáré jáde, omi ń kán lára ẹ̀ tó, tó, tó. "Ta ló ń fa wáyà mi?"

"Wáyà ta ni?"

Òkété wẹ̀yìn. Àwọn ẹranko ti pé jọ. Ó ní, "Ẹ dákun, Màmá, àwọn wáyà ló lọ́ mọ́ra wọn."

"Ṣé àwọn náà ló gbẹ́ ihò sí ògiri? O ń fi epo ọmọ aláìníbaba mú omi tutù! Òkété, báyìí nìwà rẹ!"

"Màmá, ẹ jẹ́ ká yanjú ẹ̀ nílé."

"Ìta lo ti tà á, ìta lo ti máa san án." Adìẹ fò wọ ìsọ̀ Òkété, ó bà lé fìríìjì náà, ó na ìyẹ́ bò ó. "Bí mo ṣe ń sàba lé ẹyin ni mo sàba lé e yìí. Mi ò dìde àfi tí owó epo mi bá pé."

Oníbàárà dé, Adìẹ ò dìde. Òkété sunkún, Adìẹ ò dìde. Òkété ta àga, ó ta bẹ́ẹ̀dì, ó yá owó lọ́wọ́ àna ẹ̀. Ní ọjọ́ kọkànlélógún, ó ka èyí tó kù lé e lọ́wọ́. Adìẹ tún un kà. Ó pé. Ó dìde.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ má wo ìdí ohun tó jẹ́ tiyín, ẹ wò ó dáadáa: ibẹ̀ ló ti ń jà yín lólè. Ẹ má jẹ́ kójú tì yín láti béèrè.

Ibí ni mo sọ ẹrù àlọ́ mi kalẹ̀. Bí irọ́ bá wà ńbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ra ọjà mi lọ́la.