Ọmú Tí Kò Ní Kókó

Ohun tó jọ ohun la fi ń wé ohun. Èèpo ẹ̀pà ló jọ pósí ẹ̀lírí.

Ọmú Wúràọlá pọ́n, ó sì wú, bẹ́ẹ̀ ló ń tọ́mọ lọ́wọ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò.

"Kò sí kókó níbẹ̀, ìyàwó mi. Wàrà ló dì. Ọmọ ọ̀lẹ yìí ni kò mu ún tán!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́ títí awọ rẹ̀ fi ní ihò wínníwínní bí èèpo ọsàn.

Nígbà tí Wúràọlá dé ilé ìwòsàn, dókítà gé díẹ̀ lára awọ náà fún àyẹ̀wò. Nígbà tí èsì dé, ó ní, "Jẹjẹrẹ ni. Irú èyí kì í sábà ní kókó. Ó ti dé ẹ̀dọ̀fóró."

Wúràọlá gbé ọmọ fún ìyá ọkọ rẹ̀.

"Màámi, ẹ máa fi ife kọ́ ọ ní mímu dípò ọmú. Ọwọ́ yín ni yóò ti dàgbà."