Igbó Àwọn Tí Kì í Gbọ́ "Ó Tó"

Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó yára wú u tán. Ẹni tó bá fẹ́ sùn, kó gba ilé rẹ̀ lọ, torí ọ̀rọ̀ tí mo gbé dání lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ à-gbọ́-sùn.

Ọdẹ́yalé ni ọkùnrin tí mò ń wí, ọdẹ ìlú Apárá, ọmọ ọdẹ, ọmọ-ọmọ ọdẹ. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ẹran fi tán nígbó wọn, tí ẹja fi tán lódò wọn, tó fi jẹ́ ẹ̀kọ lásán ni wọ́n ń mu. Àṣàbí, ọmọ kan ṣoṣo tí òun àti Mojísọ́lá ìyàwó rẹ̀ bí, bẹ̀rẹ̀ sí í wú: ikùn yọ, apá gbẹ, irun orí pọ́n bí irùkẹ̀rẹ̀ àgbàdo. Ẹ gbà mí o! Kí ojú baba má rí irú rẹ̀.

Arúgbó onírú kan, Ìyá Òjìrí, pe ọdẹ náà. Ó ní, "Má wá àjẹ́ kiri. Amọ̀ tí a fi ń mọ ẹran ara ló tán lára ọmọ rẹ. Àwọn iwin kan ń bẹ ní Igbó Kíún, egbèje wọn lè jókòó sórí ẹnu abẹ́rẹ́. Àwọn ló ń po amọ̀ náà. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní asọ́bodè. Bí amọ̀ bá ti tó wọn lò, a kígbe pé 'Ó tó!' iṣẹ́ a sì dúró. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà kan wà tí wọn kì í gbọ́ ọ, amọ̀ wọn a sì máa ṣẹ́kù fún ẹlòmíràn. Bá mi gbé wọn wá, kí n pò wọ́n mọ́ irú."

Ọdẹ́yalé lọ. Ó rìn dé ibi tí ẹyẹ kò ti ké, ó rìn dé ibi tí ewé kò ti mì, ẹ̀rù ń bà á, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró. Àkúnya, ayaba igbó náà, fẹ́ atẹ́gùn sí i lójú, ojú rẹ̀ sì là. Òkìtì òkú iwin ló kọ́kọ́ rí.

"Kábíyèsí, ta ló pa àwọn wọ̀nyí?"

"Èmi ni," Àkúnya dáhùn. "Mo da ayédèrú amọ̀ sáàárín wọn, ó jọ ojúlówó, kò sì ṣeé fi mọ ẹran ara kankan. Asọ́bodè tó bá rí i a pariwo pé 'Ó tó!' iṣẹ́ a dúró, kò ní sí ojúlówó amọ̀ mọ́, ìdílé náà a kú. Àwọn tí asọ́bodè wọn ṣèèṣì bàjẹ́ nìkan ló yè. Mo tún dán ọmọ wọn wò, àti ọmọ-ọmọ wọn, títí dé ìran ẹgbẹ̀rún. Wò wọ́n."

Ọdẹ́yalé wò wọ́n. Wọ́n rù kan eegun. Oúnjẹ tí wọn ì bá fi sanra, amọ̀ ni wọ́n fi ń pò. Amọ̀ ń ya jáde lẹ́nu ọ̀nà wọn, wọn kò gbójú sókè. Iwin àjèjì kan wọlé, ó jẹ oúnjẹ wọn, ó bí ogún ọmọ lójú ẹsẹ̀, wọn kò ní agbára láti lé e. Àkúnya ló fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pa.

"Ìbéèrè kan," ó ní. "Ta ni kì í gbọ́ 'ó tó' nínú ilé rẹ? Bí o mọ̀ ọ́n, bí o kò mọ̀ ọ́n, kó àwọn iwin yìí lọ. Ṣùgbọ́n n kò ní kìlọ̀ fún ọ ju báyìí lọ."

Inú bí ọdẹ. Ó rò pé wọ́n ń pe ilé òun ní ilé alájẹkì. "Kábíyèsí, kò sí wọ̀bìà nílé mi! Ìyàwó mi gan-an, bí oúnjẹ bá délẹ̀, a ní òun ti yó, a sì gbé tirẹ̀ fún ọmọ."

Àkúnya rẹ́rìn-ín, igbó sì mì tìtì. "Máa lọ sílé," ó ní. "Sáré."

Ó kó àwọn iwin náà sápò, ó sáré. Ìyá Òjìrí po àwọn iwin mọ́ irú, wọ́n fi se ọbẹ̀, Àṣàbí lá a. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, wíwú ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ó ń ṣeré lágbàlá, gbogbo ìlú ń yọ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni Mojísọ́lá ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Ọdẹ́yalé gbé e, ó fúyẹ́ jọjọ. Eegun nìkan ló wà lábẹ́ ìró.

"Mojí, lá ọbẹ̀!"

"Bàbá Àṣàbí," ó ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ẹ fún ọmọ. Mo ti yó."

"Ó tó!" ọdẹ kígbe. "Mojí, ó tó, ó tó o!" Etí tí ì bá gbọ́ ti kú.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì mí, ẹ má sunkún fún mi níbí. Bí ìyá ilé bá ní òun ti yó, ẹ wo ìka rẹ̀, bóyá ọbẹ̀ kàn án. Ẹ dìde. Ilé yín ni kí ẹ lọ.