Ẹni Tó Kù Lórí Òkè

Ọkùnrin kan wà tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ràn láti máa gun òkè. Lọ́dún kan, wọ́n fi ọjọ́ mẹ́rin rìn gba orí àwọn òkè kan kọjá, wọ́n sì fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ sí ìlú kékeré kan tó wà létí adágún omi. Ọ̀rọ̀ ìlú náà ni wọ́n ń sọ lọ́nà: ẹja tí wọn yóò jẹ, omi gbígbóná tí wọn yóò fi wẹ̀, ọkọ̀ tí wọn yóò wọ̀ láti wo ìlú láti orí omi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n dé, ẹ̀gbọ́n yọ̀ ṣubú láàárín òkúta, egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ṣẹ́. Àbúrò gbìyànjú láti gbé e, agbára rẹ̀ kò ká a. Ó wọ́ ọ lọ sábẹ́ àpáta kan, ó sì fi aṣọ bò ó.

“Má dúró tì mí,” ni ẹ̀gbọ́n wí. “Ẹni àkọ́kọ́ tí o bá bá nílùú, sọ fún un kí wọ́n wá gbé mi.”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Kí oòrùn tó wọ̀, wọn á ti dé ọ̀dọ̀ yín.”

Àbúrò dé ìlú lọ́sàn-án. Ẹni àkọ́kọ́ tó bá ni obìnrin kan tó ń yan ẹja níwájú ilé ìgbàlejò rẹ̀. Obìnrin náà rí bó ṣe ń gbọ̀n, kò sì jẹ́ kó lanu sọ̀rọ̀.

“Ẹ kú ìrìn o! Ẹ jókòó, ẹ jókòó.”

Ó bu omi gbígbóná sínú abọ́ ńlá, ó ní kó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Omi náà tù ú lára. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, “Bí mo bá yọ ẹsẹ̀ tán, màá sọ fún un.” Oúnjẹ dé kó tó yọ ẹsẹ̀. Ó ní, “Bí mo bá jẹun tán.” Ó jẹun tán, oorun sì gbé e lọ lórí àga.

Nígbà tó jí, ojú tì í. Wákàtí méjì ti kọjá. Báwo ni yóò ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ fún obìnrin yìí pé òun fi ẹ̀gbọ́n òun sílẹ̀ lórí òkè? Ó fẹ́ wá ẹlòmíràn sọ fún, ẹni tí kò mọ ìgbà tí òun dé. Atukọ̀ kan ń pe àwọn àlejò létí omi. Ó bá wọn wọ ọkọ̀, ó sì ń retí ìgbà tí àyè yóò yọ láti bá atukọ̀ náà sọ̀rọ̀.

Wọ́n yí etí omi ká. Wọ́n rí àwọn ilé olórùlé pupa, wọ́n rí omi tó ń já bọ́ lára àpáta. Ó wù ú wò. Nígbà tó yá, atukọ̀ nawọ́ sí ìkùukùu tó ti bo orí òkè.

“Ìjì yìnyín nìyẹn. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀.”

Ọkùnrin náà figbe ta: “Ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀!”

Atukọ̀ yí ọkọ̀ padà kíá. Ọkùnrin mẹ́fà gun òkè lọ, ìjì lé wọn padà lẹ́ẹ̀mejì. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n tó rí i. Kò sí lábẹ́ àpáta mọ́. Ó ti fi ìgbọ̀nwọ́ wọ́ ara rẹ̀ wá sísàlẹ̀ díẹ̀, ó dojú kọ ọ̀nà ìlú. Ó ti kú.

Nígbà tí wọ́n gbé òkú náà dé, obìnrin ẹlẹ́ja wo àbúrò títí.

“Èmi ni mo bu omi fún yín. Kí ló dé tí ẹ ò sọ?”

“Ara ló tù mí,” ni ó wí.

Fọlárìn, ìwọ ni mo torí rẹ̀ sọ ìtàn yìí. N kò bá ọ wí nítorí pé o ń sinmi. O ti ṣiṣẹ́, o ti jìyà, ìsinmi tọ́ sí ọ. Ṣùgbọ́n ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin lẹ jọ bẹ̀rẹ̀ ìrìn ayé yìí. Ó ti wà lórí ibùsùn àìsàn láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, o sì ń sọ fún mi pé bí o bá kó wọ ilé tuntun tán, wàá lọ wò ó. Ojú ló ń tì ọ́, nítorí ó ti pẹ́. Mo mọ̀. Ohun tó pa ọkùnrin orí òkè nìyẹn, kí ìjì tó dé rárá. Lọ lónìí. Bó bá bi ọ́ pé kí ló dá ọ dúró, sọ òótọ́ fún un, nígbà tó ṣì lè gbọ́.