Ẹlẹ́bẹ̀ Tí Kò Lẹ́nu

Ọ̀gá Láníhùn tó ń ta búlọ́ọ̀kù pàṣẹ méjì: oòrùn ò gbọdọ̀ kan búlọ́ọ̀kù tútù kó má baà sán, òṣìṣẹ́ kankan ò sì gbọdọ̀ wá ibòji. Ó ní oòrùn kì í pa ẹni tí ebi ń pa. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìṣọ̀lá, ọ̀kan nínú àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù, fi imọ̀ ọ̀pẹ pa àtíbàbà síbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá dé, ó fárí gá. “Ta ló ní kẹ́ ẹ wá ibòji?” Ìṣọ̀lá ò dáwọ́ iṣẹ́ dúró. “A ò wá ibòji, sà. Ọwọ́ wa ni búlọ́ọ̀kù yín ti ń jáde. Tó bá jáde sínú oòrùn, á ti sán ká tó gbé e kúrò. Ṣé ká tú àtíbàbà ọ̀hún?” Ọ̀gá wo búlọ́ọ̀kù, ó wo ojú ọ̀run, ó ní kí wọ́n fi imọ̀ kún un. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe rí àánú gbà nìyẹn: búlọ́ọ̀kù ló bá wọn bẹ ọ̀gá.